Ilé Tí Mo Lọ Wò Lọ́jọ́ Àìkú

Tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bá yín wá ilé ní Èkó, ẹ má gbà kó mú yín lọ wò ó lọ́jọ́ Àìkú. Ẹ sọ fún un pé ọjọ́ Ajé lẹ ráyè, láàárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jáde nílé. Bó bá ní òun ò ráyè lọ́jọ́ Ajé, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì máa bá tiyín lọ. Ọ̀fẹ́ ni mo fi ìmọ̀ràn yìí ta yín lọ́rẹ. Ẹni tó kọ́ mi kò ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Ará Kétu ni mí. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ ní Ṣómólú, Kétu tó wà lọ́nà Ìkòròdú ni wọ́n máa ń rò, èyí tí èèyàn lè wọkọ̀ lọ láti Onípanu láìgbé báàgì dání. Kétu tèmi wà ní ìkọjá bodè, ní ilẹ̀ Benin, níbi tí wọ́n ti fi èdè Faransé kọ́ mi ní ìwé kíkà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé, obìnrin kan níbi iṣẹ́ wa bi mí léèrè ìdí tí n kì í fi í lọ kí ìyá mi lópin ọ̀sẹ̀. Mo ní ọ̀nà jìn. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Kétu yìí náà? Ìwọ ọmọ yìí, o mà ya ọ̀lẹ o!" Ìgbà tó yé e tán ni wọ́n bá sọ mí ní Kùtọnù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dé Kùtọnù rí láyé mi, òjò ló sì lé mi kúrò níbẹ̀.

Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ní Ṣómólú ni ìwé. N kò tíì rí ibi tí ìwé pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ìwé wà lórí èèyàn, ìwé wà nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ìwé wà lábẹ́ àtẹ oníbọ̀ọ̀lì. Ilé kan ń tẹ̀ ẹ́, ilé kejì ń gé e, ilé kẹta ń lẹ ike mọ́ èèpo rẹ̀, ilé mìíràn ń dì í. Ìwé kan ṣoṣo lè rin àdúgbò já kó tó di ìwé. Ariwo ẹ̀rọ kì í sì í dákẹ́ látàárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, tó fi jẹ́ pé ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, ẹni tí mo ń bá gbé yàrá ní mò ń pariwo sọ̀rọ̀ lójú oorun.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé tí à ń dì. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ ojú ìwé nìkan ni mo lè kà níbẹ̀. Mo di ìwé ìṣègùn, mo di ìwé òfin, mo di ìwé àdúrà, n kò mọ èwo ni èwo. Ó máa ń dùn mí gan-an. Nílé, èmi ni wọ́n ń pè kí n wá ka ìwé tó bá ti ọ̀dọ̀ ìjọba wá. Ní Ṣómólú, mo dà bí ẹni tí kò kàwé rárá, bẹ́ẹ̀ inú ìwé ni mo ń gbé látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Ìsọ̀ Àlàájà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni Àlàájà. Bàbá wọn ló kó wọn wá sí Ṣómólú nígbà tí wọ́n ṣì kéré, ṣùgbọ́n títí di òní, bí wọ́n bá fẹ́ bá wa wí, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin ará òkè yìí!" Ẹni tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ará òkè ni. Ẹni tó wá láti Ìjẹ̀bú, ará òkè ni. Èmi tí mo wá láti ìkọjá bodè, wọn ò mọ ibi tí wọ́n máa tò mí sí, ni Kùtọnù náà bá kúkú mọ́ mi lórí.

Tábìlì gígùn kan wà láàárín ìsọ̀ náà. A óò to ewé ìwé yí i ká ní òkìtì òkìtì, láti ojú ìwé àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, a óò wá máa yí tábìlì po, ẹnì kan lẹ́yìn ẹnì kan, a óò máa mú ewé kọ̀ọ̀kan lé ọwọ́ títí ìwé odindi á fi pé. Bí a bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ já wọ àárín wa, nítorí ìtò á dàrú, ìwé ẹnìkan á sì ní ojú ìwé kẹwàá méjì láìní ìkọkànlá. Òfin Àlàájà ni pé ẹni tí kò bá sí nídìí tábìlì nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ìta ni yóò jókòó sí títí iṣẹ́ mìíràn yóò fi dé. Iṣẹ́ Ṣómólú kì í sì í kọ̀wé ránṣẹ́ kó tó dé. Oníṣẹ́ á sáré wọlé pé ọ̀la lòun fẹ́ ìwé, Àlàájà á wo ọ̀tún wo òsì, ẹni tí ojú rẹ̀ bá wà nílẹ̀ ló máa jẹ níbẹ̀.

Ẹni tó ń ṣáájú ló ń sọ bí a ó ṣe yára tó. Ó pẹ́ tí mo ti ń yí tábìlì náà lẹ́yìn àwọn ẹlòmíràn kí Àlàájà tó pè mí lọ́jọ́ kan: "Kùtọnù, bọ́ síwájú." Mo bọ́ síwájú. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ebi. Lọ́jọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rò ó pé bóyá Ṣómólú á gbà mí.

Ní Ladi-Lak, ní Bàríga, ni mo ń sùn, nínú yàrá Dúpẹ́. Ìsọ̀ Àlàájà la ti mọra. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, onítẹ̀bọmi pọ́ńbélé, tí kì í fọ ẹnu láàárọ̀ láìkọrin. Ó ní àfẹ́sọ́nà, tíṣà kan tó ń kọ́ni lẹ́yìn Ìkòròdú, ó sì máa ń gbàdúrà fún un sókè ketekete débi pé gbogbo ọgbà ló mọ ibi tí ẹsẹ̀ ti ń dun tíṣà náà. Yàrá kan ni, ibùsùn kan ni. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni tèmi. Dúpẹ́ kò jẹ́ kó dùn mí lọ́jọ́ kan rí, ṣùgbọ́n yàrá rẹ̀ ni.

Ìrọ̀lẹ́ ló máa ń ṣòro jù. Bí àwọn ọmọ inú ọgbà bá ń ṣeré, tí àwọn ìyá wọn ń pè wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, orúkọ ọmọ tèmi á dé ẹnu mi, n ó gbé e mì.

Àlàkẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni nígbà náà, ọwọ́ ìyá mi ni mo fi í sí ní Kétu. Bàbá rẹ̀ kú kó tó mọ ìrìn. Fóònù àbúrò mi la fi ń sọ̀rọ̀, Àlàkẹ́ a sì máa ròyìn fún mi láìsinmi.

"Mọ́mì, adìyẹ Màmá ti pamọ. Ọ̀kan ò ní ìrù. Màmá ní ó máa hù, mo ní kò lè hù. Mọ́mì, ìgbà wo lẹ ń bọ̀?"

"Mò ń bọ̀, ọmọ mi."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀ níjẹta."

Lọ́jọ́ kan, ìyá mi gba fóònù náà, wọ́n sún kúrò lọ́dọ̀ ọmọ, wọ́n rẹ ohùn wọn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n obìnrin bàbá Àlàkẹ́ tún ránṣẹ́ láti Àjàṣẹ́. Ó ní òun fẹ́ wá mú ọmọ àbúrò òun kí wọ́n tó wọlé ìwé." Àjàṣẹ́ ti ilẹ̀ Benin ni wọ́n ń wí.

"Màmá, ẹ sọ fún wọn pé mò ń bọ̀ wá mú un."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, sí ilé ta ni?"

Mo wo ibùsùn Dúpẹ́ tí mo jókòó lé.

"Kí n sọ pé ilé ta ni? Ilé ọ̀rẹ́ rẹ? O mọ̀ pé bí ọmọ bá dé ọ̀dọ̀ ìdílé bàbá rẹ̀, kì í padà bọ̀rọ̀. Obìnrin yẹn ò burú, ṣùgbọ́n ọmọ á di tirẹ̀. Èmi náà ti dàgbà, n ò lè bá wọn fà á. Wá ilẹ̀kùn tìrẹ. Ọjọ́ tó o bá ní ilẹ̀kùn tìrẹ ni mo máa gbé ọmọ rẹ fún ọ."

N kò lè bá wọn jiyàn. Ilé tí mo dàgbà sí ní Kétu ní àgbàlá tí ẹran ń sùn sí, tí ìgbéyàwó sì lè wáyé níbẹ̀ láìgbé àga síta. Lójú ìyá mi, ibi tí ọmọ kò bá ti lè sáré, kì í ṣe ilé, ibi tí èèyàn fi ẹrù pamọ́ sí ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn.

Mo wá ilé ní Bàríga, mo wá a ní Ṣómólú, mo tilẹ̀ ya Palmgrove, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ibi tí agbára mi ká, èèyàn ti kún un. Ibi tó ṣófo, ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń kí i. Ẹnìkan ló wá júwe àjẹ́ǹtì kan fún mi, ọkùnrin kan tó mọ ọ̀rọ̀ sọ bí ẹni tí wọ́n bí sídìí rẹ̀.

"Màdáámù, kí lẹ wá há ara yín mọ́ Bàríga fún? Ilé tí ọmọ á ti máa sáré ni mo ní. Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó ní Sọ́ńdè. Ọjọ́ yẹn lọkàn èèyàn máa ń balẹ̀."

Lóòótọ́ ni ọkàn mi balẹ̀. Ojú ọ̀nà mọ́ bí àgbàlá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí mi lójú, ọkọ̀ ń sáré, kí n tó ka àkọlé ẹgbẹ́ ọ̀nà kan tán, a ti kọjá rẹ̀. Ní Ìkòròdú, a wọ kọ̀rọ́pẹ́, ọkọ̀ kékeré tó ń gbé èèyàn wọ inú lọ. Kò tilẹ̀ dúró kó kún kó tó gbéra. Àjẹ́ǹtì náà yíjú sí mi. "Ẹ ò rí i? Ṣebí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni. A ti dé."

Yàrá méjì ni, ilé ìdáná wà lọ́tọ̀, àgbàlá oníyanrìn kan wà lẹ́yìn, igi gúáfà dúró sí igun rẹ̀. Mo pe ìyá mi láti abẹ́ igi náà.

"Ohùn kí ni mò ń gbọ́ yẹn?" ni wọ́n bi mí. "Adìyẹ ni àbí?"

"Adìyẹ ni, Màmá. Ti ará ilé kejì."

"Fi ọwọ́ gbá ògiri ilé náà kí n gbọ́."

Mo gbá a. Wọ́n ní kí n tún un gbá. Wọ́n ní bíríkì gidi ni. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pe Àlàkẹ́ kó wá gbọ́ ilé ìyá rẹ̀. Mo sunkún ayọ̀ níwájú àjẹ́ǹtì láìtijú. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, mo ti gba ilé, mo kó ẹrù mi lọ ṣáájú, kí n lè tún ibẹ̀ ṣe kí n tó lọ mú ọmọ.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e ni ojú mi tó là. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo jáde. Òjò ti rọ̀, ọ̀nà ti di pọ̀tọ̀pọ́tọ̀, àwọn onímọ́tò ní ọkọ̀ àwọn kò ní wọ inú ẹrẹ̀. Gbogbo wa ká ṣòkòtò, a ká ìró, a fẹsẹ̀ rìn dé títì. Ní gáréèjì, ìlà àwọn tó ń dúró de bọ́ọ̀sì ńlá ti yí igun lọ, n kò rí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Mo bi ọkùnrin tó wà níwájú mi bóyá nǹkan kan ló ṣẹlẹ̀.

Ó wò mí tìyanu-tìyanu. "Mọ́ńdè ló ṣẹlẹ̀," ló wí.

Nígbà tí mo fi máa dé Ṣómólú, wọ́n ti ń yí tábìlì. Ẹlòmíràn ló wà níwájú. Mo jókòó síta bí òfin ṣe wí, bàtà mi kún fún ẹrẹ̀, mo ń wo àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Àlàájà rí mi.

"Kùtọnù, ara ò yá ni?"

"Ara yá, mà. Mo ti kó ilé ni."

"Síbo?"

Mo ní ẹ̀yìn Ìkòròdú ni. Wọ́n gbé awò ojú wọn sókè. "Lọ́jọ́ wo lo lọ wò ó?"

"Ọjọ́ Àìkú ni, mà."

Àwọn tó ń yí tábìlì dúró gbagidi. Ẹnìkan ní, "Sọ́ńdè!", gbogbo ìsọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Dúpẹ́ rẹ́rìn-ín títí ewé fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtò dàrú, kò sẹ́ni tó mọ ibi tí ó bá a dé mọ́. Àlàájà gan-an di tábìlì mú kí wọ́n má baà ṣubú.

"Ní Sọ́ńdè, Ìbàdàn gan-an, ẹ̀yìnkùlé wa ni," ni wọ́n wí nígbà tí wọ́n mí kanlẹ̀ tán. "Wọ́n ti rí ẹ mú, ọmọ mi. Ó yá, ẹ tò ó padà, a máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Kùtọnù, bọ́ síwájú. Ṣùgbọ́n tó bá di ọ̀la, n ò ní rẹ́rìn-ín o."

Àlàájà kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kejì. Mo gbìyànjú ṣá. Mo ń jáde kí àkùkọ tó kọ, mo ń padà wọlé nígbà tí àdúgbò ti ti ilẹ̀kùn. Àgbàlá tó mú mi sunkún ayọ̀, n kì í rí i. Nígbà míì, tí mo bá dé ìsọ̀ bá wọn lórí ìyípo, n ó jókòó síta fún iṣẹ́ kan, n ó jókòó fún èkejì, oorun á sì gbé mi lọ níbẹ̀. Síbẹ̀, mò ń sọ fún ara mi pé tí Àlàkẹ́ bá dé, gbogbo rẹ̀ á dùn. N kò bi ara mi pé ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún un bó bá ti ilé ìwé dé.

Ìyá Tóbi ló là mí lójú, kò sì mọ̀. Òun ló ni adìyẹ tí ìyá mi gbọ́ lórí fóònù. Ọ́fíìsì kan ní Èkó Island ló ti ń ṣiṣẹ́, ilé tiwọn ni wọ́n ń gbé. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan, a jọ ń fọ aṣọ nídìí kànga, ó gbé ṣòkòtò yúnífọ́ọ̀mù tuntun kan sókè, ó mi orí.

"Ṣòkòtò Tóbi rèé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á lọ́wọ́ télọ̀, ó ti kúrú kó tó wọ̀ ọ́."

"Ṣé télọ̀ wọ̀n ọ́n ṣì ni?"

"Rárá o, èmi ni mo wọ̀n ọ́n. Ojú oorun ni mo ti wọ̀n ọ́n. Ṣé ẹ mọ̀ pé mo máa ń jáde kó tó jí ni, tí mo bá sì máa fi dé, ó ti sùn. Kò wá sí mi lọ́kàn pé ọmọ náà ká ẹsẹ̀ jọ."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ bá a rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. Ó tẹ ṣòkòtò náà sínú omi. Ó ní, "Bàbá rẹ̀ ṣá ń tètè dé, ìtòsí ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọlọ́run ló bá mi ṣe é."

Àlàkẹ́ kò ní bàbá tó ń tètè dé. Èmi nìkan ló ní lápá ibí yìí. Tí mo bá mú un wá síbẹ̀, àgbàlá á jẹ́ tirẹ̀, igi gúáfà á jẹ́ tirẹ̀, kò ní rí mi. Kí ló wá fi yàtọ̀ sí kó wà ní Àjàṣẹ́? Ó kéré tán, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ á máa bá a sọ̀rọ̀ nígbà tí kò bá tíì sùn.

Mo ronú púpọ̀ lọ́jọ́ náà. Látìgbà tí mo ti kúrò nílé ni mo ti ń fi ọ̀pá ìwọ̀n Kétu wọn Èkó. Ní Kétu, ẹni tí ilé rẹ̀ tóbi ti ní gbogbo rẹ̀, nítorí ibi gbogbo ló súnmọ́ ibi gbogbo. A kì í fi ọ̀nà ṣe apá kan ọ̀rọ̀ ilé. Èkó kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Èkó, ọ̀nà wà lára ilé. Ọ̀nà ni yàrá tí èèyàn ń pẹ́ sí jù, kò sì sí àjẹ́ǹtì tó máa fi yàrá yẹn hàn ọ́. Mo wá rí i pé ìgbà tí mo wà ní Ladi-Lak, tí mò ń sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tí mo ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́, tí oníbọ̀ọ̀lì ń pè mí ní Kùtọnù láti òdìkejì títì, mo ti di ará ibì kan, n kò mọ̀ ni.

Mo sọ fún Dúpẹ́ nídìí tábìlì pé mo fẹ́ fi ilé náà sílẹ̀, mo fẹ́ padà sí Bàríga bó tilẹ̀ ṣe yàrá kan ni. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ewé tó ń ká.

"Dúró ná. Ilé yẹn, báwo ló ṣe jìn sí ilé ìwé tíṣà mi tó?"

Mo sọ orúkọ ibẹ̀. Ó sọ orúkọ ilé ìwé náà. A wo ara wa. Ẹ̀yìn ilé ìwé ni ilé mi wà. Mo ti ń gbọ́ agogo rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tí wọ́n bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ àfikún.

"Olúwa o ṣeun!" ni Dúpẹ́ ké, Àlàájà ní kó rọra. Òun àti tíṣà rẹ̀ ti fẹ́ gbé ara wọn níyàwó, wọ́n ń wá ilé lápá ibẹ̀ kíkankíkan. Dúpẹ́ ti pinnu láti ṣí ìsọ̀ kékeré sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, kó máa ta ìwé àti bírò, kó sì máa bá àwọn ọmọ di ìwé wọn tó ti tú. Ilé tó jìnnà sí ayé tèmi, àárín gbùngbùn ayé tirẹ̀ ló wà. Ó gba ilé mi, mo gba yàrá rẹ̀.

Bàbá onílé ní Ladi-Lak pè mí wá síwájú ìjókòó wọn kí wọ́n tó gbà. Akọ̀wé tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n.

"Mo gbọ́ pé o fẹ́ mú ọmọ wá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ọmọ kan ni, obìnrin."

"Ṣé ó máa ń pariwo?"

N kò fẹ́ purọ́. "Ó máa ń sọ̀rọ̀ gan-an, sà."

Wọ́n ronú díẹ̀. "Kò burú. Kò lè ju ti Dúpẹ́ lọ."

Ó wá ku ìyá mi. Mo pè wọ́n, mo ṣàlàyé.

"Ilé tí mo gbọ́ ògiri rẹ̀ ńkọ́?" ni wọ́n bi mí.

"Mo ti fi í sílẹ̀, Màmá."

"O fi yàrá méjì sílẹ̀ gba yàrá kan? Kí ló ṣe ọ́? Ṣé wọ́n ti sà sí ọ ni?" Wọn kò jẹ́ kí n dáhùn. "Èmi fúnra mi ló máa mú ọmọ náà wá. N ó fi ojú mi rí i. Bí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, mo máa mú un padà, Àjàṣẹ́ ló sì máa lọ. Mo ti sọ fún ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀."

Wọ́n dé lóòótọ́. Àlàkẹ́ ti ga ju bí mo ṣe rò lọ. Ọmọ tí kì í dákẹ́ lórí fóònù sá pamọ́ sẹ́yìn ìyá àgbà rẹ̀, ó ń fi ojú kan wò mí. Kò pè mí ní Mọ́mì. Kò pè mí ní nǹkan kan. Mo fọwọ́ kàn án lórí, mo sì ṣe bí ẹni pé kò dùn mí.

Ìyá mi jókòó sí etí ibùsùn, wọ́n wo yàrá náà láti òkè àjà dé ilẹ̀. Mo ti kùn ún, mo ti fi kọ́tìnì pín in, mo ti ra bẹ́ẹ̀dì kékeré kan fún ọmọ.

"Ilé ìdáná mi ju èyí lọ," ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n sọ kí wọ́n tó sùn. Báàgì aṣọ Àlàkẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn bí wọ́n ṣe gbé e dé, wọn kò tú u.

Láàárọ̀, mo fi wọ́n sílẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ bá yàrá náà lófìfo. Nígbà tí a dáwọ́ dúró lọ́sàn-án, mo ra bọ̀ọ̀lì, mo ra ẹ̀pà, mo fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Bí ìyá mi ṣe rí mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n dìde fùú.

"Wọ́n lé ọ níbi iṣẹ́ ni?"

"Rárá, Màmá. Mo wá bá yín jẹun ni."

"Iṣẹ́ ńkọ́?"

"Mò ń padà lọ tí mo bá jẹun tán."

Wọ́n wo ojú oòrùn níta, wọ́n wo èmi, wọ́n jókòó padà. A jẹun. Àlàkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi, díẹ̀díẹ̀, pé ọmọ kan wà nínú ọgbà tó ní bọ́ọ̀lù, pé ọmọ náà ní òun ń sọ̀rọ̀ bí ará oko, pé òun sọ fún un pé òun lè ka ìwé ní èdè Faransé, ó sì pa á lẹ́nu mọ́. Mo padà síbi iṣẹ́. Nígbà tí mo máa tún dé, oòrùn kò tíì wọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo ṣì wà lókèèrè lọ́sàn-án nígbà tí mo rí ọmọ kan tó dúró sẹ́nu géètì, tó fi ọwọ́ bo ojú nítorí oòrùn. "Mọ́mì!" ló ké, "Mọ́mì, ẹ yára, ebi ń pa wá!" Gbogbo àwọn ọmọ ọgbà yíjú láti wo ẹni tó ń pè. Bọ̀ọ̀lì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi.

A kò tíì jẹun tán tí fóònù àbúrò mi, tí ìyá mi mú wá, fi dún. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ni, láti Àjàṣẹ́. Yàrá náà kéré, gbogbo wa la ń gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Màmá, ṣé ẹ ti rí ilé náà? Ṣé ó tóbi?"

Ìyá mi wò yíká. Wọ́n wo ọwọ́ mi tí gọ́ọ̀mù ìwé ti gbẹ sí, wọ́n wo Àlàkẹ́ tó fi ẹ̀yìn tì mí, tó ń jẹun, tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Kò tóbi rárá," ni wọ́n wí. "Yàrá kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n má wá mú Àlàkẹ́ mọ́, ọmọ mi. Ìyá rẹ̀ ń wá bá a jẹun lọ́sàn-án."